Ibo Gan-an Ni Àkọsílẹ̀ Yín Wà?

Ẹ bi ẹni tó ń fi fóònù kọ nǹkan sílẹ̀ pé ibo ni ohun tó kọ wà, yóò na fóònù náà sí yín pé inú rẹ̀ ni. Ẹ bi í pé báwo ló ṣe tún wà nínú kọ̀ǹpútà tó gbé sílé, á ní, "Ó ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì nìyẹn." Ẹ wá bi í pé tí dátà bá tán, tí wọ́n sì jí fóònù lọ, ta ló ní ẹ̀dà tó kù, irú ẹ̀dà wo sì ni? Ìdáhùn kì í tètè jáde mọ́. Ìbéèrè kẹta yìí ni orí yìí dá lé. Ẹni tó bá lè dáhùn rẹ̀ fún áàpù tó ń lò kò nílò kí ẹnikẹ́ni máa polówó áàpù mìíràn sí i létí.

Áàpù tí a fi ń kọ nǹkan sílẹ̀ kì í ṣe nǹkan àná. OneNote ti Microsoft jáde ní 2003. Apple fi Notes sínú iPhone àkọ́kọ́ ní 2007. Evernote ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn ní 2008. Google gbé Keep jáde ní March 2013. Notion dé ní 2016, Obsidian ní 2020. Ọ̀kan ń fi àwọ̀ mèremère fa ojú, òmíràn ń ṣe bí ẹni pé òun lè bá yín to gbogbo ayé yín lẹ́sẹẹsẹ. Èyí kò ṣe pàtàkì tó bí a ti rò. Ohun tó yẹ ká yẹ̀ wò ni bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rìn láti inú ẹ̀rọ kan dé inú òmíràn, àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọ̀nà bá dí.

Ká fi aránṣọ kan ní Dùgbẹ̀, n'Ìbàdàn, ṣe àpẹẹrẹ. Fóònù ló máa ń gbé dání tó bá lọ wọn oníbàárà nílé. Tábúlẹ́ẹ̀tì wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́dọ̀ àwọn ọmọ iṣẹ́, kí wọ́n lè wo ìwọ̀n nígbà tí wọ́n bá fẹ́ gé aṣọ. Kọ̀ǹpútà wà nílé, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń fi í ṣírò owó lálẹ́. Áàpù kan náà, àkáǹtì kan náà, ló wà lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Tí ìyá yìí bá tẹ "èjìká 16, àyà 42, ìbàdí 44" sínú fóònù, fóònù yóò kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú ara rẹ̀, yóò sì fi àmì kan sí i pé èyí kò tíì lọ. Nígbà tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá dé, á fi í ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà ńlá ilé-iṣẹ́ tó ni áàpù, èyí tí wọ́n ń pè ní sáfà, tó ṣeé ṣe kó wà ní Ireland tàbí ní Amẹ́ríkà. Sáfà á wá ta tábúlẹ́ẹ̀tì àti kọ̀ǹpútà lólobó pé nǹkan ti yí padà, kí wọ́n wá gba tiwọn.

Ẹ kà á dáadáa: ẹ̀dà mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Ohun tí aránṣọ wa ń rí bí ìwé kan ṣoṣo tó ń tẹ̀ lé e kiri jẹ́ ìwé mẹ́rin, tí iṣẹ́ ńlá sì ń lọ lábẹ́lẹ̀ kí ọ̀rọ̀ inú wọn má baà yàtọ̀ síra. Iṣẹ́ náà la ó máa pè ní ìmúbámu níhìn-ín. Àwọn ọ̀dọ́ ń pè é ní síǹkì.

Kì í ṣe gbogbo áàpù ló to ẹ̀dà mẹ́rin yìí bákan náà. Àwọn kan fi sáfà ṣe olórí: ohun tó wà lọ́hùn-ún ni wọ́n kà sí òtítọ́, wọ́n kàn yá yín ní èyí tó wà nínú fóònù ni. Àwọn mìíràn, bí Obsidian, fáìlì gidi ni wọ́n ń kọ sínú ẹ̀rọ yín. Ẹ lè fojú rí i nínú fódà, ẹ sì lè ṣí i láìsí áàpù náà rárá. Ìmúbámu wá di iṣẹ́ mìíràn tí ẹ ó ṣètò lọ́tọ̀, tàbí tí ẹ ó sanwó fún. Lọ́jọ́ tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá dára, ẹ ò ní mọ̀ pé ìyàtọ̀ kankan wà.

Ìyàtọ̀ náà hàn ní 14 March 2024. Lọ́jọ́ náà, wáyà mẹ́rin tó gba ìsàlẹ̀ òkun, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, gé ní etíkun Côte d'Ivoire, nítòsí Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì sì dojú rú ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Iṣẹ́ báńkì fara gbá a ní Nàìjíríà, ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan sì kọjá kí wọ́n tó tún wáyà wọ̀nyí ṣe tán. Ẹni tí áàpù rẹ̀ máa ń kọ sínú fóònù kó tó kọ sí sáfà bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹni tí tirẹ̀ gbọ́dọ̀ gbàṣẹ lọ́dọ̀ sáfà kó tó ṣí ojú ewé jókòó, ó ń wo àmì róbótó tó ń yí. Notion, tó gbajúmọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ti wà lọ́jà fún nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án kó tó fi ọ̀nà gidi sílẹ̀ ní 2025 fún ẹni tó fẹ́ lò ó láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó ṣe é ń gbé níbi tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kì í lọ, ó sì hàn nínú iṣẹ́ wọn.

Ẹ ò nílò kí wáyà gé kẹ́ ẹ tó mọ irú èyí tí tiyín jẹ́. Ẹ tẹ àmì ọkọ̀ òfuurufú lórí fóònù kí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì gbogbo kú. Ẹ pa áàpù náà dé pátápátá, kẹ́ ẹ tún un ṣí. Ẹ má ṣí èyí tẹ́ ẹ kọ lánàá. Ẹ wá èyí tẹ́ ẹ ti kọ láti bí ọdún kan sẹ́yìn, tẹ́ ẹ ò sì tíì tún wò, nítorí pé àwọn áàpù kan máa ń fi kìkì ohun tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí pamọ́ sínú fóònù, ìyókù á wà ní sáfà. Ẹ fi ìlà kan kún un. Ẹ wá ọ̀rọ̀ kan nínú gbogbo àkọsílẹ̀ yín. Tí áàpù bá ṣe gbogbo èyí láìkùn, ẹ lè gbé e lọ sí abúlé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le gan-an ni ibi tí ọwọ́ méjì ti kan ìwé kan náà. Ká ní lọ́jọ́ Ẹtì, aránṣọ wa lọ sí Bódìjà láti tún oníbàárà kan wọ̀n nítorí ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Obìnrin náà ti sanra díẹ̀. Ìbàdí tó jẹ́ 44 tẹ́lẹ̀ ti di 46. Ìyá yí nọ́ńbà náà padà lórí fóònù, ṣùgbọ́n kò sí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì níbẹ̀. Ní wákàtí kan lẹ́yìn náà, ọmọ iṣẹ́ ṣí àkọsílẹ̀ yìí kan náà lórí tábúlẹ́ẹ̀tì ní Dùgbẹ̀. 44 ṣì ni tibẹ̀, kò sì kàn án. Ó kàn fi ìlà kan sí ìsàlẹ̀ pé wọ́n ti san ìdajì owó ni. Dátà ṣọ́ọ̀bù náà ti tán. Nírọ̀lẹ́, àwọn ẹ̀rọ méjèèjì bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì gbé tiwọn wá síwájú sáfà.

Kí ni sáfà yóò ṣe? Ìlànà tó rọrùn jù, tí ọ̀pọ̀ áàpù kéékèèké sì ń lò, ni pé ẹni tó kọ kẹ́yìn ló ni ọ̀rọ̀. Ó ń wo aago: tábúlẹ́ẹ̀tì ló kọ kẹ́yìn, nítorí náà ti tábúlẹ́ẹ̀tì ló dúró, odindi ìwé, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìlà owó wà níbẹ̀. 46 ti lọ, kò sì sí ẹni tó pa á rẹ́.

"Ta ló ní kó o gé e sí mẹ́rìnlélógójì?"

"Mọ̀mí, ohun tí mo bá níbẹ̀ nìyẹn."

"Mẹ́rìndínláàádọ́ta ni mo kọ! Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́."

Òtítọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ. Léèsì tí wọ́n ti gé kò sì ṣeé dá padà.

Aago tí sáfà gbójú lé náà tún ní àrùn tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ń ka àkókò ní ìṣẹ́jú-àáyá láti òru 1 January 1970, ní aago Greenwich. Tí bátìrì tábúlẹ́ẹ̀tì bá kú pátápátá, tí aago inú rẹ̀ sì parẹ́, àwọn ẹ̀rọ kan máa ń jí padà sí ọjọ́ yẹn gan-an. Ní Nàìjíríà, aago kan òru ni yóò fi hàn, nítorí wákàtí kan la fi ṣíwájú Greenwich. Ohunkóhun tí ọmọ iṣẹ́ bá kọ sórí rẹ̀ kí aago tó tún bọ̀ sípò, ọdún 1970 ni wọ́n máa kọ sí i lára, yóò sì máa pàdánù níwájú ẹ̀dà yòówù. Tí ẹnìkan bá sì ti fọwọ́ sún aago fóònù síwájú, bí àwọn ọmọdé ṣe máa ń ṣe nítorí géèmù, tirẹ̀ ni yóò máa borí, ìbáà jẹ́ irọ́.

Onímọ̀ Amẹ́ríkà kan, Leslie Lamport, ló ti tú ìdí ọ̀rọ̀ yìí láti 1978, kó tó di pé ẹnikẹ́ni ní fóònù alágbèéká lápò. Ó ní kí a gbàgbé aago ara ògiri. Ká tó lè sọ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ ṣáájú òmíràn, ohun tó yẹ ká béèrè ni bóyá ìròyìn èkíní lè ti dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe èkejì. Tí ọmọ iṣẹ́ bá ti rí 46 kó tó kọ ìlà tirẹ̀, tirẹ̀ ló tẹ̀ lé e lóòótọ́. Tí kò bá rí i, tí ìyá náà kò sì rí tirẹ̀, kò sí ọ̀kan tó ṣáájú, ohun yòówù tí aago ìbáà wí. Nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, Colin Fidge àti Friedemann Mattern, tí wọn kò jọ ṣiṣẹ́ pọ̀, fi èyí ṣe ọ̀nà ìkà tí ẹ̀rọ lè lò: ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ń ka iye ìgbà tí òun ti yí nǹkan padà, ó sì ń rántí iye tí òun ti gbọ́ lẹ́nu àwọn yòókù. Ẹ fi àkọsílẹ̀ iye méjèèjì wéra, ẹ ó mọ̀ bóyá ọ̀kan gbọ́ nípa èkejì tàbí pé wọ́n ṣe é láìmọ̀ nípa ara wọn. Wọ́n fún Lamport ní ẹ̀bùn Turing ti 2013, ẹ̀bùn tó ga jù nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà.

Áàpù tó mọ̀ pé àwọn méjì ti kọ nǹkan láìrí ara wọn lè ṣe ohun tó bójú mu: kó fi ẹ̀dà méjèèjì sílẹ̀, kó sì pe onílé. Nígbà kan rí, Evernote máa ń kó irú wọn sínú ìwé ọ̀tọ̀ kan tó pè ní "Conflicting Changes". OneNote náà máa ń gbé ojú ewé tí kò bára mu jáde fún ẹni tó ni ín. Dropbox á ṣe ẹ̀dà kejì, á kọ ọ́ sí orúkọ rẹ̀ pé ìjà wà. Àwọn ènìyàn kórìíra irú ìpè yìí. Wọ́n á ní áàpù náà ti bà jẹ́, wọ́n á pa ẹ̀dà kejì rẹ́ láìkà á. Lójú tèmi, áàpù tó gbé ẹjọ́ wá síwájú mi sàn ju èyí tó dá a lẹ́yìn mi, tó sì ń rẹ́rìn-ín sí mi.

Ọ̀nà tó tún jinlẹ̀ ju èyí lọ wà. Ní 2011, Marc Shapiro àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Faransé àti Portugal gbé ìlànà kan jáde tí wọ́n ń pè ní CRDT. Nínú irú rẹ̀ kan, ẹ̀rọ kì í fi odindi ìwé ránṣẹ́. Ìyípadà kéékèèké ló ń fi ránṣẹ́, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sì ní orúkọ tirẹ̀: ẹ̀rọ tó kọ ọ́, ẹ̀ẹ̀kẹlòó tó kọ nǹkan, àti lẹ́tà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Fi 6 sẹ́yìn 4 tí fóònù kọ lẹ́ẹ̀kẹẹ̀ẹ́dógún," irú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bá ara wọn sọ nìyẹn. Ohun tó dára nínú rẹ̀ ni pé bó ti wù kí àwọn ìránṣẹ́ wọ̀nyí pẹ́ tó, kódà kí èyí tó gbẹ̀yìn kọ́kọ́ dé, gbogbo ẹ̀rọ tó bá ti gba gbogbo wọn tán yóò ní ìwé kan náà lọ́wọ́. Lábẹ́ ìlànà yìí, 46 ìyá àti ìlà owó ọmọ iṣẹ́ á jọ wà níbẹ̀, kò ní sí ìjà rárá.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé ó ti parí. Ká ní ọmọ iṣẹ́ náà tún nọ́ńbà yẹn kọ, tó sọ ọ́ di 45, nígbà tí ìyá ń sọ ọ́ di 46. Ẹ̀rọ méjèèjì pa 4 kejì rẹ́. Ọ̀kan fi 6 sí ààyè rẹ̀, ọ̀kan fi 5 síbẹ̀. Ìlànà tó kọ̀ láti sọ iṣẹ́ ẹnikẹ́ni nù á fi méjèèjì sílẹ̀: 465, tàbí 456. Gbogbo ẹ̀dà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bára mu pátápátá, oníbàárà sì ti ní ìbàdí bí ilé alájà mẹ́ta. Ìmọ̀ ìṣirò lè mú kí àwọn ẹ̀rọ fẹnu kò. Kò lè bá wọn na téèpù.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fara mọ́ àṣà kan tó ti wà lọ́wọ́ àwọn akọ̀wé tipẹ́: kí a má pa tàtijọ́ rẹ́. Ẹ jẹ́ kí oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní ewé tirẹ̀. Tí ìwọ̀n bá yí padà, ẹ kọ ìlà tuntun sábẹ́ ti àtijọ́, pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ ẹni tó wọ̀n ọ́n. Ìlà méjì tó dúró lọ́tọ̀ kì í sábà jà, àfi nínú áàpù tó ń fi odindi ìwé rọ́pò odindi ìwé. Àǹfààní kejì ni pé ẹ ó mọ bí ènìyàn ṣe ń sanra.

Nǹkan mìíràn wà tí àwọn ènìyàn máa ń ṣì mú, ó sì burú ju ti 44 àti 46 lọ. Wọ́n á ní, "Ọkàn mi balẹ̀, ó wà lórí ẹ̀rọ mẹ́ta." Dígí ni ìmúbámu: ohun tẹ́ ẹ bá ṣe níwájú rẹ̀ lòun náà ń ṣe. Tí ọmọ ọdún mẹ́ta bá gbá fóònù mú, tó tẹ ibi tó tẹ̀, àkọsílẹ̀ tó parẹ́ lórí fóònù á parẹ́ lórí tábúlẹ́ẹ̀tì, á parẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, kíákíá, pẹ̀lú ìgbọràn. Ìmúbámu tó dára ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Áàpù sábà máa ń ní ibi ìkódọ̀tísí tí ohun tí a pa rẹ́ máa ń wà fún ìgbà díẹ̀: ọjọ́ 7 ni Google Keep fún un, Apple Notes fún un ní nǹkan bí ọjọ́ 30. Ẹni tó rìnrìn àjò ọlọ́sẹ̀ méjì kó tó mọ̀ pé nǹkan ti sọnù ti pẹ́ jù fún ti àkọ́kọ́.

Ẹ̀dà ìpamọ́ gidi ni èyí tí kò gbọ́ ohun tẹ́ ẹ ṣe lánàá. Ó yẹ kó wà níbi tí áàpù náà kò lè na ọwọ́ dé: fláàṣì inú dúrọ́ọ̀, kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn, kódà bébà. Ẹni tó ń lo Keep lè lọ sí Google Takeout, kó ní kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ fún òun. Fáìlì HTML àti JSON ni wọn yóò fi ránṣẹ́, èyí tí bíráọ́sà yòówù lè ṣí. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù tó fún iṣẹ́ aránṣọ. Ẹni tó ń kọ ìwé àpilẹ̀kọ fún yunifásítì yẹ kó ṣe é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ìṣòro kan tún wà tí àwọn ìwé tí wọ́n ń kọ ní Amẹ́ríkà nípa áàpù wọ̀nyí kì í sọ, nítorí kò kàn wọ́n: lẹ́tà tiwa. Ká ní oníbàárà kan wà tó ń jẹ́ Ìyá Ẹ̀jìrẹ́. Aránṣọ kọ orúkọ náà sórí fóònù, ọmọ rẹ̀ wá a lórí kọ̀ǹpútà, áàpù ní kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ó wà. Lẹ́tà tí àwọn méjèèjì tẹ̀ jọra lójú, wọn ò jọra nínú ẹ̀rọ.

Unicode ni ìlànà tó fún gbogbo lẹ́tà ayé ní nọ́ńbà. Nínú rẹ̀, ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, 1EB9. Lẹ́tà ọ jẹ́ 1ECD. Lẹ́tà ṣ jẹ́ 1E63. Títí dé ibẹ̀, ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ́, ẹ tó ní àmì ohùn òkè lórí àti àmì lábẹ́, kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tó jẹ́ tirẹ̀. Ńṣe la ń tò ó. Kíbọọ̀dù kan á mú ẹ, á fi àmì ohùn lé e. Òmíràn á mú é tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ fún àwọn Faransé, á fi àmì sábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀kẹta á mú e lásán, á fi ti abẹ́ sí i kó tó fi ti òkè; ẹ̀kẹrin á kọ́kọ́ fi ti òkè. Ọ̀nà mẹ́rin nìyẹn fún lẹ́tà kan, lójú kan náà, pẹ̀lú nọ́ńbà tó yàtọ̀ síra. Ẹ̀karùn-ún sì wà: àwọn tó ń fa ìlà kékeré sábẹ́ lẹ́tà dípò kí wọ́n fi àmì sí i, bí ọ̀pọ̀ ìwé àtijọ́ ti ṣe. Ìlà yẹn ní nọ́ńbà mìíràn, 0329, nígbà tí àmì abẹ́ jẹ́ 0323.

Unicode kò fi wá sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní òfin ìtúntò kan tó ń sọ mẹ́rin àkọ́kọ́ di ọ̀kan náà. Áàpù tó bá ń lo òfin yìí kó tó wá ọ̀rọ̀ kò ní ṣìnà láàárín wọn. Onílà kékeré kò sí nínú àdéhùn yẹn. Kọ̀ǹpútà kà á sí lẹ́tà mìíràn pátápátá. Àwọn áàpù mìíràn tún ń bọ́ gbogbo àmì kúrò lára ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó wá a, kí "Ejire" lásán lè mú Ẹ̀jìrẹ́ wá ní gbogbo ìrísí rẹ̀. Ìyẹn wúlò, àfi pé tí aránṣọ bá ń wá "ìró," ó lè bá "irọ́" níbẹ̀.

Ohun tí mo ń gba àwọn ènìyàn níyànjú ni pé kí wọ́n lo kíbọọ̀dù kan náà lórí gbogbo ẹ̀rọ níbi tó bá ti ṣeé ṣe (Gboard ti Google ní ti Yorùbá fún fóònù àti tábúlẹ́ẹ̀tì), kí wọ́n sì kọ orúkọ oníbàárà lẹ́ẹ̀kejì láìsí àmì, ní ìsàlẹ̀ ewé: Iya Ejire. Mo mọ̀ pé ó ń dun àwọn olùkọ́ èdè. Orúkọ tó wà lókè ṣì pé. Ti ìsàlẹ̀, ẹ̀rọ ni a kọ ọ́ fún.

Ṣé kí a tiẹ̀ máa tẹ àkọsílẹ̀, tàbí kí a fi ọwọ́ kọ ọ́? Ní 2014, Pam Mueller àti Daniel Oppenheimer tẹ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi kọ̀ǹpútà kọ ohun tí olùkọ́ ń sọ ń kọ ọ̀rọ̀ púpọ̀, ní gbólóhùn kan náà tó ti ẹnu olùkọ́ jáde, ṣùgbọ́n wọn kò dáhùn ìbéèrè tó gba àròjinlẹ̀ tó àwọn tó fi bírò kọ ọ́. Ìròyìn náà tàn káàkiri ayé. Nígbà tí àwọn mìíràn tún un ṣe, tí wọ́n sì tẹ àbájáde wọn jáde ní 2019 àti 2021, apá pé ẹni tó ń tẹ̀wé máa ń da ọ̀rọ̀ kọ wọlẹ̀ dúró. Apá pé ó ń kùnà nínú ìdánwò kò dúró dáadáa. Nítorí náà, ẹ má sọ kọ̀ǹpútà nù. Ẹ kàn dẹ́kun kíkọ ohun tẹ́ ẹ gbọ́ sílẹ̀ láì ronú sí i.

Ní ti àṣírí, ọ̀rọ̀ kúkúrú ni. Nọ́ńbà ATM kò yẹ kó wà nínú áàpù lásán, bẹ́ẹ̀ ni páswọ́ọ̀dù báńkì. Ẹni tó bá jí fóònù tí kò ní títì lójú pópó ti jí gbogbo ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nìyẹn, nítorí àkáǹtì kan náà ni. Ọ̀nà kan sì wà láti mọ̀ bóyá ilé-iṣẹ́ tó ni áàpù lè ka ohun tẹ́ ẹ kọ: tẹ́ ẹ bá gbàgbé páswọ́ọ̀dù, tí wọ́n lè bá yín ṣe tuntun, tí àkọsílẹ̀ yín gbogbo sì ṣì ṣeé kà lẹ́yìn náà, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ wọn. Standard Notes ń kìlọ̀ fún àwọn tó ń lò ó pé òun kò lè ràn wọ́n lọ́wọ́ tí wọ́n bá gbàgbé. Ìkìlọ̀ yẹn ni ẹ̀rí pé kọ́kọ́rọ́ kò sí lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ìkankan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí kò sì bá yín mulẹ̀ pé òun ò ní yí padà. Evernote ti jẹ́ ọ̀gá fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 2016, ó ní kí ẹni tí kò sanwó má lò ju ẹ̀rọ méjì lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, ó bọ́ sọ́wọ́ Bending Spoons, ilé-iṣẹ́ Ítálì kan. Nígbà tí ọdún yẹn fi máa parí, ẹni tí kò sanwó kò lè ní ju àkọsílẹ̀ 50 lọ. Wọn kò gba ti ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ rẹ̀: ẹni tó ti ní ẹgbẹ̀rún lè kà á, ó lè kó o jáde. Kò kàn lè kọ tuntun ni. Àwọn tó ti mọ ọ̀nà ìkójáde tẹ́lẹ̀ kó ẹrù wọn kúrò. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n sanwó. Ẹni tí tirẹ̀ wà nínú fáìlì lásán, irú èyí tí a fi Markdown kọ, ìlànà tí John Gruber gbé jáde ní 2004, kò ní irú ìṣòro yìí, nítorí pé áàpù ìkọ̀wé yòówù ló lè ṣí i. Kí ẹ tó kó ìwọ̀n oníbàárà ọdún márùn-ún sínú áàpù kan, ẹ kọ márùn-ún péré sínú rẹ̀, kẹ́ ẹ kó wọn jáde, kẹ́ ẹ wo bí wọ́n ṣe rí. Fọ́tò ńkọ́? Ọjọ́ tẹ́ ẹ kọ wọ́n ńkọ́? Ibi tí wọ́n ti já ni ibi tí ẹ ó ti sunkún lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń lọ.

Ó ku ti ẹni tó kú. Àwọn ará ilé kì í mọ páswọ́ọ̀dù bàbá wọn, àkọsílẹ̀ ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè àti ẹni tí òun náà jẹ ní gbèsè sì lè wà nínú Keep. Láti ìparí 2023 ni Google ti ní àṣẹ láti pa àkáǹtì tí ẹnikẹ́ni kò wọlé sí fún ọdún méjì rẹ́, pẹ̀lú ohun gbogbo tó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti 2013 ni ètò kan ti wà nínú àkáǹtì Google kan náà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Inactive Account Manager. Ẹ lè yan oṣù 3, 6, 12 tàbí 18: tí wọn kò bá gbúròó yín títí iye oṣù yẹn á fi pé, wọ́n á kọ̀wé sí àwọn tẹ́ ẹ ti kọ orúkọ wọn sílẹ̀, tó lè tó mẹ́wàá, wọ́n á sì jẹ́ kí wọ́n kó ohun tẹ́ ẹ ní kí wọ́n kó. Apple náà ti ní irú rẹ̀ láti December 2021, Legacy Contact ni wọ́n ń pè é. Kọ́kọ́rọ́ kan ni wọ́n máa fún ẹni tẹ́ ẹ yàn, yóò sì fi ìwé ẹ̀rí ikú kún un. Inú ètò àkáǹtì ni méjèèjì wà, ẹ ò ní rí i nínú áàpù ìkọ̀wé fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni tẹ́ ẹ bá yàn mọ̀ pé ẹ ti yàn án.